Èmi Ni N Óò Kọjá Nínú Ihò Náà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ inú ihò àpáta náà, mo rò pé iná ló lọ. Mo gbé ojú sókè wo fáànù. Fáànù ń yí. Iná pupa kékeré tó wà lára fíríìjì ṣì ń tàn. Ojú kọ̀ǹpútà mi nìkan ló dúdú, kò sì kú, nítorí mo ń gbọ́ tí omi ń kán, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin inú géèmù náà lórí òkúta. Ó ń rìn. Èmi tí mò ń darí rẹ̀ ni mi ò rí ibi tó ń lọ. Mo tẹ ibi tó ń gbé e síwájú, mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo gbọ́ tó já sínú omi gbuu, géèmù sì dá a padà sí ẹnu ihò.

"Àǹtí mi, ẹ ti kú," àbúrò mi wí láti orí àga tó jókòó sí.

"Mo gbọ́," ni mo dá a lóhùn.

Àfín ni mí. Bí ojú mi ṣe ń ṣe nìyí: kì í dúró sójú kan. Ó máa ń jó díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, bí ojú ẹni tó ń wá nǹkan nínú yàrá. Mò ń lo dígí, dígí sì ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ kò sọ mí di ẹni tó ń ríran bí àwọn yòókù. Ohun kékeré kì í ṣe ìṣòro mi, nítorí mo lè sún mọ́ ohun kékeré. Ohun tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣòro mi: àtẹ̀gùn símẹ́ńtì tí wọn ò kùn lọ́dà, ìwé tí wọ́n fi yíǹkì tó ti ń tán lọ tẹ̀, ẹni dúdú tó wọ aṣọ dúdú tó dúró sábẹ́ igi tó ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù ń gún mi lójú. Ẹni tó bá ti gbé Lọ́kọ́jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Oòrùn ibẹ̀ kì í bẹ èèyàn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, àdúgbò Lokongoma ní Lọ́kọ́jà sì ni mò ń gbé. Àbúrò mi yìí, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ń gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tó sin ìlú tán, ó ń wá iṣẹ́. Òun kì í ṣe àfín. Òun ló gbé géèmù wọ ilé mi. Lálẹ́ tó bá ti se oúnjẹ tán, á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa yìnbọn fún àwọn kan tí mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Èyí kò wù mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó ṣí òmíràn fún mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wo èyí, kò sí ìbọn níbẹ̀." Odò ìlú obìnrin kan ló gbẹ. Obìnrin náà wá ń gun òkè lọ láti wá orísun odò náà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sáré, ó ń fò, ó ń gun igi, ó ń dá sọ̀rọ̀.

Ibi tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ pápá koríko gbígbẹ, ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lókè. Obìnrin náà dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ro aṣọ aláwọ̀ aró, kò dé fìlà, kò gbé agboòrùn, ó ń sáré nínú oòrùn yẹn tẹsẹ̀ tẹsẹ̀. Mo rí i kedere. Dúdú lórí yẹ́lò, kò sí ibi tó fẹ́ sá sí tí ojú mi kò ní rí i. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjùmú, wọn ò jẹ́ kí n sáré nínú oòrùn rí. Ẹ̀yìn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi, mo sì mọ ẹni tó ń sáré jù nínú wọn nípa ohùn rẹ̀, nítorí mi ò rí ojú wọn láti ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ di obìnrin yẹn mú, mo kàn ń mú un sáré lọ, mo ń mú un sáré bọ̀, mi ò wá orísun odò kankan. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí oṣù parí, mo ra géèmù náà sórí kọ̀ǹpútà tèmi.

Bí mo ṣe dé ẹnu ihò nìyẹn.

Mo lọ síbi tí èèyàn ti ń tún nǹkan géèmù ṣe. Mo rí ibi tí mo ti lè dín ohùn kù. Mo rí ibi tí mo ti lè yí èdè padà, èdè tó pọ̀, kò sí Yorùbá níbẹ̀ ṣá o. Mo rí ibi tí wọ́n ti lè sọ bọ́tìnnì ọ̀tún di tòsì. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń fi kún ìmọ́lẹ̀, kò sí. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń mú kí dúdú yàtọ̀ sí funfun, ohun tí àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ń pè ní kọ́ńtíráàsì, kò sí. Mo ní ó ṣeé ṣe kí n má rí i ni, nítorí ó ti mọ́ mi lára láti kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ojú ara mi. Mo pe àbúrò mi. Òun náà yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀, Àǹtí mi. Wọn ò fi í sí i."

Mo wá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi dé òpin. Gbogbo ihò náà di eérú. Òkúta di eérú, omi di eérú, obìnrin náà alára di eérú. Ó mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ó mọ́lẹ̀ débi tí omi ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ mi ò rí ibi tí òkúta parí sí tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ojú wọn dá máa ń rò pé bí wọ́n bá ti tan iná sí nǹkan, ó ti parí nìyẹn.

Àbúrò mi na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá. Ẹ jẹ́ n bá yín gbà á kọjá. Kò ní pẹ́ rárá."

"Rárá."

"Ihò yìí nìkan ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ìta ni, ibẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Mo ní rárá. Èmi ni n óò kọjá níbẹ̀."

Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó lọ sí ilé ìdáná.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe géèmù náà. Wọ́n ní ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń gbá a ti ń sọ̀rọ̀. Mo sọ irú ojú tí mo ní fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ibi tí èèyàn ti lè tún ìmọ́lẹ̀ àti kọ́ńtíráàsì ṣe sínú géèmù wọn. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹnìkan nínú wọn fèsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní inú wọn dùn pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Ó ní òkùnkùn inú ihò náà kì í ṣe àṣìṣe, àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ̀rù lè ba ẹni tó bá wọ ibẹ̀, bí àwọn bá sì fi ìmọ́lẹ̀ sí i, adùn rẹ̀ yóò bàjẹ́.

Mo ka èsì yẹn ní ọ́fíìsì. Lẹ́yìn náà ni mo kọ èyí padà: "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe òkùnkùn yìí, ẹ rí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ rí òkúta rẹ̀ fírífírí, ohun tó ń bà yín lẹ́rù nìyẹn. Èmi ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Inú ló ń bí mi. Ṣé adùn tí ẹ ń wí nìyẹn?"

Kò sí èsì láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹlòmíràn tí mi ò mọ̀ rí ló dá sí i. Ó ní bí ojú mi kò bá dáa, kí n lọ wá nǹkan mìíràn ṣe, géèmù kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi fẹ́ bú u. Ó ti kọ èébú náà tán, ó dùn mọ́ ọn, ó ń kà á fún mi. Mo ní kó pa á rẹ́. Èmi ni mo fèsì: "Ojú tí mo ní nìyí. Òun ni mo fi wo géèmù yìí kí n tó rà á, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi ní ìdí ibi tí mo ti sanwó pé wọn ò gba irú rẹ̀."

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo wẹ̀, tí mo jẹun, ẹnu ihò ni mò ń lọ. Mo pa wíńdò, mo fa kọ́tìnnì, ooru mú mi bí ẹni tó wà nínú àdògán. Mo gbìyànjú láti fi etí mọ ibi tí omi wà. Mo ń kà á lọ́kàn, ìgbésẹ̀ báyìí, kí n fò, kí n dúró. Nígbà mìíràn mo máa ń dé òkúta kejì. Nígbà mìíràn mi ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ń ké, ó ń já sómi, àbúrò mi sì ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti yàrá kejì. Omi ojú mi ń bọ́ sórí bọ́tìnnì, kì í ṣe ẹkún, ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọjú wò mí kò ní mọ ìyàtọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dé láti ibi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé mi kò ní aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn ti ń bọ̀ láti ìhà ibi tí mo jókòó sí, apá mi pọ́n láìka aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí mo wọ̀ sí. Mo bu omi tútù mu, mo ṣí kọ̀ǹpútà. Kò sí ihò mọ́. Obìnrin náà dúró sí àárín àfonífojì kan, koríko tútù yí i ká, àwọn ẹyẹ funfun ń fò lókè rẹ̀, odò kan sì ń dán ní ìsàlẹ̀. Ó dúró, ó ń mí, ó ń dúró dè mí.

Mo wo ibẹ̀. Ó rẹwà. Mo fẹ́ sọ òtítọ́, ó rẹwà gan-an. Inú sì bí mi.

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

Àbúrò mi jáde láti yàrá, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ti rí i? Mo ní kí n ṣe yín ní sọpúráìsì ni. Ẹ ti bọ́ nínú wàhálà."

"Ṣé mo ní kí o bá mi ṣe é?"

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àǹtí mi, oore ni mo rò pé mo ṣe. Mò ń rí bí ojú yín ṣe ń pọ́n lójoojúmọ́. Kí ló wá burú níbẹ̀?"

"Mo sọ fún ọ pé èmi ni n óò kọjá níbẹ̀. O gbọ́ mi. Etí rẹ kò di."

"Mo gbọ́!" Òun náà ti gbé ohùn sókè báyìí. "Mo gbọ́ yín, bí mo ṣe máa ń gbọ́ yín ní gbogbo ìgbà. Bí a bá fẹ́ sọdá títì, ẹ ò ní jẹ́ kí n di ọwọ́ yín mú. Bí mo bá fẹ́ ka orúkọ ọjà fún yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó ní kí n dákẹ́. Ó rẹ èmi náà, Àǹtí mi. Ó ń rẹ ẹni tó bá jókòó tí ń wò."

Mo lọ síbi tí géèmù náà ń tọ́jú ibi tí èèyàn bá a dé, mo pa á rẹ́. Kì í ṣe ti ihò nìkan ni mo pa rẹ́, gbogbo rẹ̀ ni, láti orí pápá koríko àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Àbúrò mi dorí kodò. Lẹ́yìn náà ló kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní àdúgbò Otokiti, òun á padà bí ara òun bá balẹ̀. Mo ní ó dára. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú obìnrin náà sáré nínú oòrùn, inú mi sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé àfonífojì yẹn fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ nísinsìnyí, n óò tún pa á rẹ́.

Ìyá wa dé lọ́sẹ̀ kejì. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ló gbé e wá sí Lọ́kọ́jà, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹjọ́ ti dé etí rẹ̀, nítorí òun àti àbúrò mi ló jọ wọlé. "Okun o," ló kí mi lẹ́nu ọ̀nà, bí àwa ará Ìjùmú ṣe ń kí ara wa. Mo kúnlẹ̀, mo gba ẹrù orí rẹ̀. Iṣu ló kó wá, àti ẹ̀wà díẹ̀. Ó mu omi, ó jókòó, kò sì fi ọ̀rọ̀ lọ́ ọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n ń pè ní géèmù yìí, tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń bá ara yín ṣe ọ̀tá? Gbé e wá kí n rí i."

Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, mo ṣí i síwájú rẹ̀. Mo ti padà dé ẹnu ihò nígbà yẹn. Màmá wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ó yọ dígí rẹ̀, ó fi ẹnu ìró nù ún, ó fi í sójú padà.

"Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

Àbúrò mi ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá. Òkúta ni. Ẹ wo eti rẹ̀ níbí."

"Èmi ò rí òkúta kankan o." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà ò rí i?"

"Mi ò rí i."

"Ó dáa. A ti di méjì."

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù irú nǹkan báyìí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pátákó tí wọ́n ń kọ̀wé sí ní kíláàsì wa ti ṣí, ó ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti oko dé. Tíṣà ń fi ẹfun kọ̀wé sára rẹ̀, èmi kò sì rí nǹkan kan, bí mo tilẹ̀ jókòó sí iwájú pátápátá. Tíṣà ránṣẹ́ pe ìyá mi, ó ní ọmọ rẹ̀ kò lè kàwé, kó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Ìyá mi kò bá a jà. Lọ́jọ́ Sátidé ó gún èédú pọ̀ mọ́ dúdú inú bátìrì tó ti kú, ó fún omi ewé tútù sí i, ó wọ kíláàsì náà lọ, ó kun pátákó náà látòkè délẹ̀. Èmi ni mo ru igbá náà tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí di ọjọ́ ìsìn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rí ohun tí wọ́n kọ. Àwọn ọmọ tí ojú wọn dá náà ní àwọn ń rí i dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí tíṣà bi í léèrè ẹni tó fún un láṣẹ, ó ní ṣé èèyàn ń gba àṣẹ kó tó gbálẹ̀ ilé tó dọ̀tí ni?

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kò sọ ìtàn yẹn. Ohun tó ṣe ni pé ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà yíká. "Tẹlifíṣọ̀n bàbá yín ayé àtijọ́ ńkọ́, ó ní nǹkan róbótó méjì nísàlẹ̀ tí à ń yí. A yí ọ̀kan, á mọ́lẹ̀. A yí èkejì, dúdú rẹ̀ á dúdú sí i. Èyí ò ní?"

"Kò ní, Màmá."

"Kò sí èyí tó ní lọ́jà mọ́ ni?"

Èmi àti àbúrò mi wo ara wa. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń bá ihò yẹn jà, inú géèmù ni mo ti ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá láti so kọ̀ǹpútà mọ́ sikirínì mìíràn tó ní bọ́tìnnì tirẹ̀.

Kí Màmá tó lọ, ó pe àbúrò mi. "Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun ṣe, jókòó tì í. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó wá kọjú sí èmi náà. "Ìwọ, ẹni tó jókòó tì ọ́ kò mú nǹkan rẹ. Jẹ́ kó jókòó." Àbúrò mi ní òun ti gbọ́. Èmi náà ní mo ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnìkejì, ìyẹn sì ni bí ìjà ṣe ń parí nílé wa.

Lọ́jọ́ Sátidé a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Kpata, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù iná tòkunbọ̀. Mo dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mi, mo gbé agboòrùn lé e. Ẹnìkan láàárín èrò pariwo, "Zabiya!" Àfín ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Mo yíjú síbi tí ohùn ti wá, mo ní, "Eh, ni ce." Èmi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹni náà náà rẹ́rìn-ín, a kọjá.

Ọkùnrin tó ń ta sikirínì kó wọn jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni to pákó. Ó tan ọ̀kan fún wa, fídíò àwọn oníjó kan ló wà lójú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pupa, gbogbo rẹ̀ ń tàn yanranyanran.

"Madam, this one clear well well," ló wí. "See as e dey shine."

Mo ní mi ò fẹ́ èyí tó ń tàn. Mo yọ kọ̀ǹpútà mi nínú báàgì, mo ní kó so ó mọ́ ọn, kí n fi ohun tí èmi fẹ́ wò wò ó. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó so ó. Nígbà tó rí ihò dúdú náà, ó gbá sikirínì náà lẹ́yìn, ó rò pé ó ti kú.

"Kò kú," àbúrò mi wí. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí."

"Na game?" Ó wò mí láti orí fìlà dé ẹsẹ̀. "Mummy, na you wan play game?"

"Na me," ni mo wí. "Bring another one."

Èyí tó kọ́kọ́ tàn kò ní bọ́tìnnì kankan tó ṣiṣẹ́. Òmíràn ní bọ́tìnnì, àmọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń fi kún, eérú náà ló tún fún mi. Ọkùnrin náà ní ohun kan náà ni gbogbo wọn, kí n mú ọ̀kan kí n máa lọ, àwọn oníbàárà mìíràn ń dúró. Mo ní kí wọ́n máa dúró. Mo bọ́ fìlà, mo wọ abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo nawọ́ sí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan gbàǹgbà tó nípọn, tí ara rẹ̀ ti bó. Ó ráhùn kó tó gbé e jáde. Eruku bò ó.

Bọ́tìnnì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, mo fi ìka wá a. Mo rí ìmọ́lẹ̀, mo dín in kù. Mo rí kọ́ńtíráàsì, mo tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Dúdú ihò náà dúdú sí i. Lẹ́yìn náà ni ìlà tín-ín-rín kan jáde ní àárín rẹ̀, ó funfun, ó wọ́. Mo sún mọ́ ọn débi tí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Eti òkúta ni. Òmíràn wà níwájú rẹ̀. Òmíràn tún wà lókè, sí apá òsì, tí mi ò mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀. Àṣé òkè ló yẹ kí n fò sí láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ rí i?" àbúrò mi béèrè, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Mo rí i."

Ọkùnrin náà ní kí a ra èyí tó rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí ti darúgbó. Mo ní òun ni mo fẹ́.

Nígbà tí a délé, a gbé e sórí tábìlì, a fa kọ́tìnnì. Oòrùn ṣì wà níta, ó ń wọlé láti etí kọ́tìnnì kan tó kúrú, ó sì ń tàn sójú gíláàsì náà. Àbúrò mi lọ mú aṣọ ìbora, ó dúró ti wíńdò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án mọ́ ọn. Kò sọ pé kí n fò. Kò sọ pé ó kù díẹ̀. Obìnrin náà já sómi, mo gbọ́ tí àbúrò mi fa èémí, ó gbé e mì. Ó tún já. Mo tún un ṣe. Mo fò sí òkúta ìsàlẹ̀, mo fò sí ti òkè, mo dúró, àdán kan fò kọjá, mo rí i, mo rí ìyẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, mo dìde, mo fò. Ọ̀nà náà yà sọ́tùn-ún. Ibì kan wà tí mo ní láti rọ̀ mọ́ ara ògiri, mo rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rù sì bà mí! Mo rí òkùnkùn yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí èèyàn rí i, ó jìn, ó tutù, ó dára. Àwọn tó ṣe é mọ iṣẹ́ wọn. Ìyẹn gan-an ló tún mú inú bí mi sí wọn, pé wọ́n ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ mi.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìta yọ níwájú, mi ò sáré. Mo mú obìnrin náà rìn jẹ́jẹ́ jáde sínú koríko tútù.

Àbúrò mi ju aṣọ ìbora sílẹ̀, ó pariwo débi tí aládùúgbò kan kan ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó ti nà án sókè, ó ń gbọ̀n wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín. Mo sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga kí ó lè jókòó. A jọ wo àfonífojì náà títí iná fi lọ lóòótọ́.

Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kejì. Mo sọ fún wọn pé mo ti kọjá, mo sì sọ bí mo ṣe ṣe é, pé sikirínì àlòkù kan ní Lọ́kọ́jà ló ṣe ohun tí géèmù wọn kọ̀ láti ṣe. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ tèmi. Ọ̀kan ní ojú òun ti ń ṣú láti ìgbà tí òun ti dàgbà, òun sì ti pa géèmù náà tì sí ẹnu ihò, ìtìjú ò jẹ́ kí òun sọ. Ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà òun ló ti gbó. Ọ̀kan kàn kọ ọ́ pé, "Èmi náà." Mo dá gbogbo wọn lóhùn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀dà tuntun géèmù náà jáde. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe, mo rí ìlà tuntun kan níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀. Wọn ò dárúkọ mi, wọn ò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kọ́ńtíráàsì kò sí níbẹ̀. Mo tún kọ̀wé. Mo dúpẹ́ fún ìdajì, mo ní mò ń dúró de ìdajì yòókù, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eérú yẹn fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ níbí.

Àbúrò mi ti ríṣẹ́ sí Àbújá báyìí. Nígbà tó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn ni.

"Àǹtí mi, ṣebí ẹ ti parí géèmù yẹn? Ẹ ti dé orísun odò. Kí lẹ tún ń bá wọn fà?"

Mo ní mo ti parí rẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní sikirínì tòkunbọ̀, àti pé lọ́wọ́ tí mo wà yìí, mo fẹ́ ra géèmù mìíràn, mo sì ti bi àwọn tó ń ta ìyẹn léèrè bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń tún ìmọ́lẹ̀ àti kọ́ńtíráàsì ṣe, kí n tó yọ owó.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò tíì fèsì," ni mo wí. "Mo ti kọ lẹ́tà kejì ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí."